Ojú Ewé Kọkànlélọ́gbọ̀n

N ò fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe olóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran, gbé bébà náà síwájú mi ní ọ́fíìsì wa ní Ọ̀yọ́, mo dé bíírò mi, mo sì tì í sínú báàgì.

"Asiyah, fọwọ́ síbí. Kọ déètì oṣù kìíní sí i."

Oṣù kẹfà la wà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò yé àwọn ará ilé wa gan-an, wọ́n rò pé mò ń nu kọ̀ǹpútà ni. Ilé ìwòsàn wa ní ẹ̀ka méjì, ọ̀kan ní Ọ̀yọ́, èkejì ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Sábó. Inú dátábéèsì la ń kó ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn sí: orúkọ wọn, ọjọ́ ìbí wọn, oògùn tí ara wọn kọ̀. Ìwé ìlànà kan wà tó ń sọ fún àwọn akọ̀wé ohun tí wọ́n máa tẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa rí tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Nígbàkígbà tí àwọn tó ṣe dátábéèsì náà bá fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́, èmi ni mo máa ń jókòó ti ìwé yẹn láti ojú ewé kìíní dé ìparí, tí màá máa tẹ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ̀ bóyá ohun tí ìwé wí ni ẹ̀rọ ṣì ń ṣe. Tó bá bá a mu, màá fọwọ́ sí i. Tí kò bá bá a mu, màá tún un kọ. Iṣẹ́ tó ń súni ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀dà tuntun dé lóṣù kìíní, ọ̀gá ní kò sáyè fún àyẹ̀wò kankan. "Kí ló fẹ́ yàtọ̀ níbẹ̀? Àwọ̀ ni wọ́n kàn pààrọ̀." Mo jà. Mo kọ lẹ́tà. Kò dá mi lóhùn. Ìwé àtijọ́ náà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Marufat.

Marufat ni akọ̀wé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ Ìkòyí-Ilé ni, ọmọ mẹ́ta ló sì ń bọ́ lórí iṣẹ́ yìí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ohun tí ìwé bá ní kó ṣe náà ló máa ń ṣe. Ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n ní kó tẹ bọ́tìnnì kan tí wọ́n ń pè ní Kílíìnì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní ọjọ́ Jímọ̀ tó bá parí oṣù karùn-ún.

Ẹ̀yin náà mọ̀ bí àwa èèyàn ṣe rí. Ẹni tí káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ bá sọnù kò ní sọ pé ó sọnù, kí wọ́n má baà bá a wí. Á ní òun ò wá síbẹ̀ rí, wọ́n á sì ṣí fáìlì mìíràn fún un. Kílíìnì ló ń wá irú wọn rí. Tó bá rí fáìlì méjì tí orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù wọn jẹ́ ọ̀kan náà, á kó wọn síta, á bi akọ̀wé pé ṣé ẹnì kan náà ni, kó tó dà wọ́n pọ̀. Bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Nínú ẹ̀dà tuntun, kì í bèèrè mọ́. Ó kàn ń dà wọ́n pọ̀ ni.

Orúkọ ìdílé kan, ọjọ́ ìbí kan, nọ́ńbà fóònù ìyá kan. Nílẹ̀ Yorùbá! Ta ni ò mọ ìbejì láàárín wa? Àwọn tó jókòó sí ọ̀nà jíjìn ṣe é lè má mọ̀. Àwa ńkọ́? Ní àdúgbò wa nìkan, tẹ́ ẹ bá pe Ìyá Ìbejì, èèyàn mẹ́rin ló máa dáhùn.

Marufat tẹ̀ ẹ́. Ìbejì inú ìdílé mẹ́rìnlá di ọmọ mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ìyá kan gbé Kẹ́hìndé wá. Nọ́ọ̀sì wo fáìlì, ó ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ kí ìyá ọmọ tó figbe ta pé, "Ti Táíwò nìyẹn! Ara ti Kẹ́hìndé kọ̀ ọ́! Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ mi ni?" Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà, àti ẹnu ìyá rẹ̀.

Wọ́n ti dá àwọn fáìlì náà padà, torí a máa ń fi ẹ̀dà wọn pamọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó wá ku ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Tí mo bá fọwọ́ sí i pé mo yẹ ìwé náà wò lóṣù kìíní, pé kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, a jẹ́ pé Marufat ni kò tẹ̀ lé e. Wọ́n á lé e lọ.

"Ta ló bá ọ wá iṣẹ́ yìí?" ni ọ̀gá bi mí.

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ṣeun, sà."

"Ìwọ lo wá fẹ́ dójú tì mí?"

"N ò yẹ̀ ẹ́ wò, sà. N ò ní fọwọ́ sí ohun tí n ò ṣe."

Ó pe ìyá mi lórí fóònù. Ẹ gbọ́ mi o, ó pe ìyá mi! Ìyá mi náà pè mí: "Asiyah, fọwọ́ sí i, jàre. Àbí ìwọ nìkan ni Ọlọ́run ní kó máa sọ òótọ́ láyé?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. N ò ní ṣe é." Inú bí mi. Mo gbé ìwé ìlànà náà, mo fi ẹ̀dà Ọjọ́bọ̀ sínú láàpútọ́ọ̀pù mi, mo sì ṣe iṣẹ́ tí wọn ò jẹ́ kí n ṣe lóṣù kìíní. Ọjọ́ méjì gbáko. Ojú ewé mọ́kànlá ni kò bá ẹ̀rọ mu mọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ Marufat lórí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ọ̀yọ́, mo gbé láàpútọ́ọ̀pù lé itan, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Sábó, mo sì wọlé bá wọn. Dókítà Fáwọlé, ìyá àgbà tó ni ilé ìwòsàn náà, ló jókòó sáàárín. Marufat dúró, ó ń wolẹ̀. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá ṣe ohun tó wà ní ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n níṣojú wa."

"Ta ló ní kó o wá?" Ọ̀gá ti fò dìde.

"Ẹ jẹ́ ó fi hàn wá," ni Dókítà wí.

Mo gbé láàpútọ́ọ̀pù síwájú ọ̀gá. Mo kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn ìbejì náà sókè, ìdílé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìdílé kẹsàn-án ni: Táíwò Ògúndìran, Kẹ́hìndé Ògúndìran. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni ìyàwó ọ̀gá bí wọn sí. Mo wá ka ohun tí ìwé wí: ẹ tẹ Kílíìnì, á bi yín léèrè.

Ọ̀gá na ìka. Ìka náà dúró lókè bọ́tìnnì. Ó fà á padà.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ̀," ni Dókítà wí.

"Mà... àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀."

Marufat, tí n ò gbọ́ kó gbé ohùn sókè rí, ló gbé ojú sókè.

"Èmi náà pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, sà, kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ní ojú ẹ̀rọ ò jọ ti inú ìwé, pé àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀. Ẹ ní kí n yéé dà yín láàmú, kí n tẹ̀ lé ìwé. Ẹ tẹ̀ lé ìwé, sà."

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ tábìlì.

Mo sọ fún wọn pé ẹ̀dà lásán ni, mo sì tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo ní kí Dókítà wá Kẹ́hìndé Ògúndìran fún mi. Wọ́n wá a, wọ́n tún un wá. Kò sí níbẹ̀.

Dókítà yọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní kí Marufat padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kí Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran dúró de àwọn. Wọ́n wá ti bébà tí ọ̀gá gbé wá sí ọ̀dọ̀ mi, èyí tí mi ò fọwọ́ sí láti ọjọ́ Ajé.

Mo yọ bíírò mi nínú báàgì. Mo fa ìlà gba orí "ó bá a mu" kọjá, mo kọ "kò bá a mu" sókè rẹ̀, mo kọ orúkọ mi gbọọrọ, mo sì kọ déètì ọjọ́ náà gan-an.