Àyà Tó Gba Bọ́ọ̀lù

Ọmọbìnrin méjì ni ìyá aránṣọ bí, bọ́ọ̀lù sì ti gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá bi í pé ta ni yóò jogún máṣíìnì, á ní kí wọ́n lọ bi bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n ló ń jẹ góòlù fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àdúgbò, àbúrò ló ń ṣọ́lé. Ilẹ̀kùn-Irin ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò, ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wòran. Ẹ̀gbọ́n fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù. Àbúrò ò yẹ̀ ẹ́, ó fi àyà gbà á. Ó rìn díẹ̀, ojú rẹ̀ yí, ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

"Dìde jàre, òṣèré!" ni ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti sáré débẹ̀. Ó pè é, kò dáhùn. Ó gbé etí sún mọ́ imú rẹ̀, kò gbọ́ èémí.

"Ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì! Kóòṣì, ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ tó ń fi iná jí ọkàn lára ògiri yẹn wá!"

Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan lé èkejì, ó ń tẹ àárín àyà àbúrò rẹ̀ kíkankíkan, bí kóòṣì ti kọ́ gbogbo wọn. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ìyá sáré débẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì wọ́n.

"Ọmọ mi, má dúró o," ló ṣáà ń wí fún ẹ̀gbọ́n.

Kóòṣì lẹ okùn ẹ̀rọ mọ́ àyà ọmọ náà, gbogbo wọn sún sẹ́yìn, iná ta ọkàn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́, títí àbúrò fi wúkọ́, tó mí kanlẹ̀.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní, "Màmá, egungun kankan ò ṣẹ́. Àsìkò tí bọ́ọ̀lù bà á gan-an ló da lílù ọkàn rẹ̀ rú. Ẹni tó tètè tẹ àyà yẹn ló gbà á là. Ta ni?"

Ẹ̀gbọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Èmi náà kọ́ ni mo gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún lù ú?"

Ìyá fà á wá síwájú. "Òun rèé, dókítà. Ọmọ mi ni. Ẹ wò ó dáadáa!"

Àbúrò lajú lórí ibùsùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó wọlé?"

"Kò wọlé."

"Mo mọ̀!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún. Ìyá ní tirẹ̀ ti kọjú sí aláìsàn orí ibùsùn kejì, ó ń ròyìn gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, títí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó rọra sọ̀rọ̀.