Ẹkún Òṣèré

"Ẹ wò ó dáadáa," ni ẹ̀gbọ́n olóògbé wí, ó sì na fóònù rẹ̀ sí àwọn mọ̀lẹ́bí tó kún pálọ̀. "Ṣé ìyàwó wa kọ́ ló ń da nǹkan sínú tíì ọkọ rẹ̀ yìí?"

Òun ni lóòótọ́. Fíìmù tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ṣe kẹ́yìn ni. Opó náà ṣàlàyé pé omi lásán ló wà nínú ìgò yẹn, pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló mu nínú rẹ̀ nítorí ooru. Ìyá ọkọ rẹ̀ rọra ti ife tíì tí opó náà gbé fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ká sòótọ́, ikú ló sọ ọkùnrin yẹn di olókìkí. Iná ló kọ́kọ́ ń bá ẹgbẹ́ onítíátà tàn, kí wọ́n tó fi í ṣe ọlọ́pàá tí kì í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó kú lórí ìtàgé, ó kú débi pé obìnrin kan dákú láàárín èrò ìwòran. Láti ìgbà náà, lórí ìtàgé o, nínú fíìmù o, kò sí irú ikú tí kò kú tán, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń ní kó pa á. Ọmọbìnrin wọn máa ń sunkún tó bá rí i tó kú, nítorí náà bàbá rẹ̀ kọ́ ọ pé tó bá ti gbọ́ àtẹ́wọ́, eré parí nìyẹn; kí òun náà pàtẹ́wọ́ kíákíá, kí wọ́n lè máa lọ sílé.

Níbi ìdánrawò eré ni ọkùnrin náà ti ṣubú. Ẹgbẹ́ ń yìn ín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló fura, nítorí ọkọ rẹ̀ kì í ṣubú kó dojú bolẹ̀. Ó máa ń fẹ́ kí èrò rí ojú òun. Ìyàwó yìí ló pariwo pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀.

"Báwo lo ṣe tètè mọ̀ pé kì í ṣe eré?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Opó náà bú sẹ́kún. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan tẹjú mọ́ ọn.

"Ìyàwó wa, irú ẹkún yìí gan-an lo sun nínú fíìmù, lẹ́yìn tó o pa á tán."

Ó gbé ẹkún náà mì. Wọ́n ní ẹ ò rí i, ojú rẹ̀ ti gbẹ. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ lọ, nítorí kò mọ ọ̀nà mìíràn téèyàn tún ń gbà ṣọ̀fọ̀.

Wọ́n ní kó máa lọ, kó fi ọmọ sílẹ̀. Ó ní òun ò fi ọmọ òun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kó tó dìde, wọ́n ti fa ọmọ náà gòkè. Wọ́n ti ìyá rẹ̀ síta, wọ́n ju báàgì rẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n sì ti géètì.

Ó kúnlẹ̀ lójú títì, ó ń lu géètì, ó ń bẹ àwọn tó ń kọjá.

"Ẹ gbà mí o, wọ́n gba ọmọ mi!"

Wọ́n mọ ojú rẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń wá ibi tí kámẹ́rà wà. Ọkùnrin kan fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà wọnú àwòrán. Ẹnì kan ní obìnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ o, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù sì gbè é.

Lójú fèrèsé òkè, ọmọ náà gbọ́ wọn. Ó nu ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì jáde láàárín irin, òun náà sì ń pàtẹ́wọ́ kíákíá, kí ìyá rẹ̀ lè dìde, kí wọ́n máa lọ sílé.