Àpéjọ Òwúrọ̀ Tí Kò Fẹ́ Tú

Ìwé ètò náà ti gùn dé ilẹ̀ kí Mopélọ́lá Arówólò tó ka ìlà kẹta tán. Òun ni olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà, òun ló sì di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú níwájú ọ̀ọ́dúnrún ọmọ, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Màdáámù Vasudha, ìyá ará Íńdíà tó gbà pé kò sí nǹkan kan láyé tí kò yẹ kí èèyàn ṣe àjọ̀dún fún. Dìwálì ni wọ́n ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọdún ìmọ́lẹ̀ ti àwọn ará ìlú rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé fìtílà alámọ̀ kan sí àtẹ́lẹwọ́. Àwọn fìtílà náà ń ráhùn láàrin ara wọn pé epo tí wọ́n rọ sí àwọn kò tó, pé ti èṣí sàn jù ú lọ. Kò ya Mopélọ́lá lẹ́nu. Ohun tó ń bí i nínú ni pé ariwo wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí òun ń kà.

Adégoróyè ń dúró lẹ́nu géètì. Olùkọ́ ìṣirò ni, arẹwà ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ń kọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sójú pátákó, ojú Mopélọ́lá kì í kúrò lára ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ti gbaṣẹ́ tuntun ní Ṣakí. Àpò rẹ̀ wà lẹ́jìká, ọkọ̀ Ṣakí sì ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Kí àpéjọ tó bẹ̀rẹ̀ ló ti bi Mopélọ́lá bóyá yóò fẹ́ òun, ó sì ní kó fún òun lésì tí àpéjọ bá ti tú, nítorí òun kò tún ní padà sí ìlú náà mọ́. Gbólóhùn kan péré ni èsì náà. Mopélọ́lá ti sọ ọ́ níwájú dígí nígbà mẹ́fà, ó sì ń dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin ìgàn. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ni pé olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle títí àpéjọ yóò fi tú.

Ó ka Dìwálì parí. Ó ní kí àwọn ọmọ máa lọ sí kíláàsì wọn. Wọ́n yí sápá ọ̀tún, wọ́n rí i pé kíláàsì kò sí mọ́. Ẹ̀rọ omi kan tó tóbi bí ilé alájà méjì ló dúró síbi tí kíláàsì kẹrin wà tẹ́lẹ̀, omi ń dà lẹ́nu rẹ̀. Màdáámù Vasudha yọ lábẹ́ rẹ̀, aṣọ sárì aláwọ̀ ewé rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Mísì Arówólò, a kò tíì ṣe Ọjọ́ Ìfọwọ́."

"Màdáámù, a ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ọwọ́ ti tún dọ̀tí."

Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ fọwọ́. Ọṣẹ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún bí wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ọjọ́ Igi. Ọmọkùnrin kan ṣe igi gúáfà, ó so èso, Màdáámù sì ní àwọn kò lè kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé èso náà pọ́n. Wọ́n dúró títí ó fi pọ́n.

"Mopé," Adégoróyè pè é láti géètì, "dírẹ́bà ti ń fọ abọ́ tó fi jẹun o."

"Mo ń bọ̀. Ó ku ẹyọ kan."

Ẹyọ kan náà ni Sùúrù, ìwà rere ti ọ̀sẹ̀ náà. Sùúrù fúnra rẹ̀ ni àlejò pàtàkì tí yóò bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, kò sì tètè dé. Nígbà tó dé, bàbá arúgbó kan ni, ó gbé agbòòrùn dání. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n tẹ́ aṣọ lé, ó sì sùn lọ.

"Ẹ má jí i," ni Màdáámù Vasudha wí. "Ọ̀rọ̀ tó ń sọ nìyẹn."

Mopélọ́lá wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ní ìlà kejì, láàrin àwọn ọmọ kíláàsì kejì, ó rí Ìyá Pópó, ìyá ìyá rẹ̀ tó ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù tí kò bá a mu, ó sì gbé fìtílà dání bí àwọn tó kù.

"Ìyá, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Wọ́n ní mi ò ní sùúrù nígbà tí mo wà láyé, kí n wá tún kíláàsì kejì kà." Ìyá Pópó fi àgbọ̀n tọ́ka sí géètì. "Àṣàbí, ọmọkùnrin yẹn mà ń dúró. Bí bàbá rẹ àgbà ṣe dúró dè mí nìyẹn, tí mò ń di gèlè nínú ilé. Kí n tó di gèlè tán, ó ti fẹ́ ọmọ aládùúgbò wa. Bí mo ṣe di ìyàwó kejì nìyẹn."

"Ìyá, èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀."

"Ta ló ní kóo sọ̀ kalẹ̀? Ṣebí ẹnu wà lára rẹ."

Kó tó ronú sí i, Màdáámù ti kéde Hólì, ọdún àwọ̀. Wọ́n da àtíkè pupa, àtíkè ewé, àtíkè aró sórí gbogbo èèyàn. Ọmọ, olùkọ́, Ìyá Pópó, Sùúrù lójú oorun, gbogbo wọn dà bí ara wọn pátápátá, àtíkè náà sì bo pèpéle débi pé a kò mọ ẹni tó wà lórí rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ Ṣakí fọn fèrè. Adégoróyè gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn ọkọ̀.

Mopélọ́lá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́ níwájú dígí, pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀ tó ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn: "Mo gbà. Màá fẹ́ ọ."

Àṣà ilé ìwé náà ni pé ohunkóhun tó bá ti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde, àwọn ọmọ á tún un sọ. Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ kó ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n sì fi ohùn kan ṣoṣo sọ pé, "Mo gbà. Màá fẹ́ ọ."

Adégoróyè sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó wọlé, ojú rẹ̀ ń dán, ó dúró láàrin ìlà. Ó wo ojú pupa, ó wo ojú ewé, ó wo ojú aró.

"Ta ló gbà nínú yín?"

Gbogbo wọn nawọ́ sókè. Ìyá Pópó náà nawọ́.

"Èmi ni," ni Mopélọ́lá wí.

"Èmi ni," ni ọ̀ọ́dúnrún ọmọ wí.

Mopélọ́lá ju ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́, àwọn ọmọ náà sì ń fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́. Ọkọ̀ Ṣakí rọra ṣí kúrò, ó ń lọ. Adégoróyè kò wẹ̀yìn. Ó jókòó lórí àpò rẹ̀, ó fa ìwé ìpè orúkọ àwọn ọmọ yọ, tí orúkọ kan péré wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, tí kò sì sí orúkọ olùkọ́ kankan nínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kìn-ín-ní.

"Abímbádé."

"Mo wà níbí, sà."

"Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, sà."

Ó fi bírò sàmì sí i. Ó fi itọ́ ra ìka, ó ṣí ojú ewé kejì.