Fíríìdọ̀mù Bàbá Sàrátù

"Mo ti tú ẹ́ńjìnì lọ́rì palẹ̀ rí nígbà tí lọ́rì ọ̀hún ń sáré lọ! Ẹ̀rúwà níbí la ti gbéra, à ń lọ sí Lanlate. Mo na ọwọ́ wọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tú u ní bóòtì bóòtì, mo fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, mo sá a sórí ẹrù, ó gbẹ, mo dà á padà kí a tó dé ọjà Lanlate. Dẹ́rẹ́bà ò tilẹ̀ mọ̀. Ó kàn ní òun rí i pé ọkọ̀ fúyẹ́ díẹ̀ ní àárín ọ̀nà."

Ọ̀gá Fọlábí ló ń sọ̀rọ̀ yìí, tó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi dongoyárò, tó ń run orín. Ìyá Àkíbù, obìnrin tó ni lọ́rì tó wà lórí jáàkì níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Fọlábí, nígbà tí o tú ẹ́ńjìnì sílẹ̀, kí ló wá ń gbé lọ́rì lọ?"

"Ẹ̀rù mi ni, Ìyá Àkíbù. Ẹ̀rù mi ló ń bà á tó fi ń sáré."

Abẹ́ lọ́rì ni Láwàl wà ní tirẹ̀, ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí àpò sìmẹ́ńtì, gírísì ń kán sí i ní irùngbọ̀n. Ó ti gbọ́ ìtàn ẹ́ńjìnì yẹn tó ìgbà ẹgbẹ̀rún. Lọ́dún tó kọ́kọ́ dé, kẹ̀kẹ́ ológeere ni Fọlábí tú lójú eré. Lọ́dún kejì, ó di alùpùpù. Lọ́dún kẹta, ó di lọ́rì. Láwàl mọ̀ pé bí òun bá fi lè lo ọdún kan sí i níbẹ̀, yóò di ọkọ̀ òfuurufú.

Ó rẹ Láwàl. Kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń sùn tó ń lọ. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé òjìji rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ jókòó. Bí ó bá yán ní Ẹ̀rúwà, àwọn ará Igbó-Ọrà a fọwọ́ bo ẹnu.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ó sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àgbẹ̀ ẹ̀gúsí ni tẹ́lẹ̀. Ogún ọdún gbáko ló fi tẹ̀ sórí ebè, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ká bí ìwọ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń ti oko bọ̀, ó rí àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ wọn nìkan ló yọ síta. Ó sáré délé, kò tilẹ̀ tíì sọ ọkọ́ kalẹ̀ tó fi sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyá Sàrátù, mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ ṣe!" Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí láti ọjọ́ náà, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ó dùbúlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ló ń sùn lé e láyà.

Nítorí pé ó ju ọ̀gá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, Fọlábí kò lè pè é lórúkọ. Bàbá Sàrátù ló ń pè é, ọ̀wọ̀ ló sì fi ń bú u. "Bàbá Sàrátù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí yín lẹ fi jókòó ni?" "Bàbá Sàrátù, ẹ má bínú o, ẹ ya dìndìnrìn." Láwàl náà a dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Ọ̀gá." Ẹni tó bá ń kọjá lọ lójú títì á rò pé àna méjì ló ń kí ara wọn.

Àmọ́ ó ku ọ̀la. Ọ̀la ni Jímọ̀. Bí wọ́n bá ti kírun tán, Fọlábí yóò gbé ọwọ́ lé e lórí lójú gbogbo ènìyàn, yóò fi sípánà lé e lọ́wọ́, yóò ní òun yọ̀ǹda rẹ̀. Fíríìdọ̀mù nìyẹn. Ẹni tí ọ̀gá kò bá ṣe é fún, bó mọ iṣẹ́ débi pé ó lè tún oòrùn tó bá tàkìtì ṣe, kò sẹ́ni tó máa gbé kẹ̀kẹ́ lásán fún un ní gbogbo Ìbàràpá. Ìyá Sàrátù ti so òbúkọ mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Òbúkọ náà ti mọ ọjọ́, ó ti ń kọ oúnjẹ láti àná.

Ọ̀rọ̀ lọ́rì yìí ló kù. Ọdún 1972 ni, oṣù kẹta, ìjọba sì ti kéde pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ọkọ̀ yóò máa gbà, kì í ṣe ọwọ́ òsì mọ́. Ìyá Àkíbù tó ń kó ẹ̀gúsí lọ sí Ìbàdàn ní òun kò ní dúró dọjọ́ náà. Ó ní kí Fọlábí bá òun gbé sitiárìn lọ́rì òun kúrò lápá ọ̀tún, kó gbé e sápá òsì.

"Ìyẹn nìkan?" ni Fọlábí wí. "Mo ti ṣe igba irú rẹ̀ n'Íbàdàn, láti ìrun àsùbáà sí ìrun àìlà. Mo tún sinmi láàárín."

Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà wọ́n. Láwàl ló gbé gbogbo irin, òun ló lu ihò, òun ló di bóòtì. Àpótí sitiárìn nìkan, ìyẹn irin tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó ń lọ jẹ́ ẹ fún táyà, ni Fọlábí ní ẹnì kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ó ta aṣọ bo ibẹ̀, ó wọnú rẹ̀ lọ, ó ń sú fèé. Nígbà tó jáde, ó ní àṣírí iṣẹ́ ni, pé àwọn òyìnbó pàápàá ti wá bẹ òun rí, òun kò sọ ọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí, Babáwálé, dẹ́rẹ́bà Ìyá Àkíbù, gun ọkọ̀ láti fi ìjókòó tuntun náà dánra wò. Lábẹ́ ọkọ̀, Láwàl rí táyà méjèèjì tí wọ́n rọra yí sí òsì.

"Babáwálé, apá ibo lo yí i sí yẹn?"

"Ọ̀tún ni, Bàbá Sàrátù! Ó fúyẹ́ bí òwú!"

Láwàl nu ojú. Ó ní bóyá oorun ló ń kun òun.

"Tún un yí. Sí òsì báyìí."

Táyà lọ sí ọ̀tún, bí ọmọ tí wọ́n ní kó máa bọ̀ tó ń sá lọ.

Láwàl fà jáde lábẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ké bí ìlẹ̀kùn àtijọ́. Ó fa Fọlábí lọ sẹ́yìn igi.

"Ọ̀gá, òdì lẹ fi àpótí yẹn dè. Bí Babáwálé bá ní òun ń lọ sí ọ̀tún, òsì ló ń lọ."

Ojú Fọlábí ṣú. Ó sì tún là.

"Bàbá Sàrátù, ẹ má bínú, púrúǹtù ni yín. Ṣé ìjọba ò ní kí gbogbo nǹkan yí padà ni? Ọ̀tún ti di òsì, òsì ti di ọ̀tún. Ó wà nínú òfin. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó kọ ọ́ ni mo jókòó sí."

"Ọ̀gá, táyà ò mọ̀wé."

Fọlábí sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ni ọ̀la?"

"Jímọ̀ ni."

"Ta ló fẹ́ gbọ́wọ́ lé yín lórí?"

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá."

"Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Ọwọ́ náà lè ṣàárẹ̀ kó tó dọ̀la."

Ó padà síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí Babáwálé sọ jáàkì kalẹ̀, pé ọkọ̀ ti délé ayé.

Láwàl jókòó sórí òkú táyà kan. Wọ́n ti di àpò ẹ̀gúsí sórí lọ́rì, àwọn obìnrin méjìlá tó ń lọ tajà n'Íbàdàn ti ń gun orí rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn títí dé títì. Ọ̀tún ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yà sí kó tó dé ojú ọ̀nà, torí pé lápá òsì, lẹ́yìn ilé páànù tí Fọlábí ń kó irinṣẹ́ sí, kòtò ọ̀gbàrá kan wà níbẹ̀ tó jìn débi pé òkúta tí àwọn baba ńlá wa sọ sí i, a ò tíì gbọ́ ìró rẹ̀ títí di òní.

Bí òun bá dákẹ́, ọ̀la dé. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ọdún mẹ́rin di omi. Yóò tún wá ọ̀gá mìíràn lọ, ọmọ ogún ọdún bóyá, tí yóò tún máa fi ọ̀wọ̀ bú u. Yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí fífọ bóòtì. Ó kàn fẹ́ sùn ni. Òtítọ́ pàápàá wúwo, ó sì ti gbé nǹkan tó pọ̀ jù láti ọjọ́ Ajé.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà gbé ọmọ pọ̀n. Bó ti ń gbẹ́sẹ̀ lé táyà láti gòkè, ọmọ náà wo Láwàl láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó yán, ẹnu rẹ̀ là kalẹ̀ láìní eyín kan. Láwàl náà yán. Ló bá dìde.

"Ìyá Àkíbù, ẹ ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀."

"Nítorí kí ni, Bàbá Sàrátù?"

Kò ní agbára àlàyé. "Ẹ ní kí Ọ̀gá kọ́kọ́ wà á dé títì. Ẹni tó se ọbẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Fọlábí rẹ́rìn-ín, orín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Èmi? Mo lè fi eyín wà á!"

"Ọwọ́ náà tó," ni Ìyá Àkíbù wí. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin obìnrin. Fọlábí, gùn ún."

Ó gùn ún. Láwàl rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, tó ń kà á bí ẹni ń ka kéwú: ọ̀tún ni òsì, òsì ni ọ̀tún. Lọ́rì gbéra. Fọlábí yí i sí òsì díẹ̀, lọ́rì sì yà sí ọ̀tún bí ọmọlúàbí. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Fọlábí yọ orí síta láti rẹ́rìn-ín sí wọn, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fì sápá kòtò.

"Ọ̀tún, Ọ̀gá!" Babáwálé kígbe. "Ọ̀tún! Ọ̀tún!"

Ẹnu lè parọ́, ọwọ́ ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ Fọlábí ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti mọ ọkọ̀ wà: ó yí i sí ọ̀tún pátápátá. Lọ́rì kọ ọ̀tún. Ó forí lé òsì, ó wọ ilé páànù náà láti iwájú, ó jáde lẹ́yìn, ó wé òrùlé rẹ̀ sórí bí gèlè, ó sì dúró pẹ̀lú táyà kan létí kòtò. Sípánà fò káàkiri. Wọ́n ní wọ́n rí ọ̀kan ní Igangan.

Obìnrin tó pọn ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì.

"Òfin tuntun ni," ni Fọlábí wí láti inú páànù. "Ẹ̀yin ni ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n."

Babáwálé ti tọwọ́ bọ ojú fèrèsé, ó yí sitiárìn sí ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀ wo táyà, ó dìde. "Ìyá Àkíbù, òdì ló fi dè é."

Ìyá Àkíbù tú gèlè lórí, ó fi di ìdí. "Fọlábí. Igba tó o ṣe n'Íbàdàn ńkọ́?"

Fọlábí yọ orí láàárín páànù. "Èyí ni... èyí ni ẹyọ kìíní nínú igba náà."

"Háà!" Ó mú irin jáàkì nílẹ̀. "Sọ̀ kalẹ̀ wá tú u. Ìwọ tó o tú ẹ́ńjìnì nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, èyí ṣáà dúró!"

Fọlábí sọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá kejì ló gbà. Ó fò dé ojú títì kí bàtà rẹ̀ tó mọ̀ pé ó ti lọ.

"Ta ló máa tún lọ́rì mi ṣe?" Ìyá Àkíbù ń sá tẹ̀ lé e. "Olè! Ta ló máa tún un ṣe?"

"Bàbá Sàrátù!" Kò wẹ̀yìn. "Ó mọ̀ ọ́n! Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ! Bàbá Sàrátù, mo yọ̀ǹda yín o! Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀!" Ó yọ sípánà tó wà nínú àpò rẹ̀, ó sọ ọ́ sẹ́yìn. Ó bọ́ sínú eruku níwájú Láwàl.

Láwàl tẹ̀ ba, ẹ̀yìn rẹ̀ ké, ó mú un.

"Ẹ ṣé, Ọ̀gá," ló wí.

Fọlábí ti dé ìyànà Lanlate nígbà náà. Ọwọ́ òsì ló gbà, ó sì ń sáré débi pé bí ẹnì kan bá tú u ní bóòtì bóòtì lójú ọ̀nà, tó fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, tó sá a, kò ní mọ̀ kó tó dé ọjà.