Ipa Táyà Méjì Létí Adágún

"Ẹ jẹ́ ká pa ọ̀nà inú igbó yìí rẹ́ lórí máàpù, Àǹtí Máàpù. Ọkọ̀ ń gba ibẹ̀. Àbí ẹ ò rí ipa táyà méjì ni?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Olójú-Àwòdì ní ọ́fíìsì náà ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n fi orúkọ yìí ṣe é ní yẹ̀yẹ́ ni, nítorí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó na ìka sí àwòrán kan tí wọ́n yà láti ojú òfurufú, èyí tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì láàárín òun àti Àǹtí Máàpù, obìnrin tó ń ya àwòrán ilẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ìlú. Nínú igbó tó wà lẹ́yìn adágún omi, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì fara hàn, wọ́n ń bá ara wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìlú fẹ́ la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí yóò yí gbogbo ìgboro po, tí mọ́tò kankan kò sì ní í fẹsẹ̀ kàn. Wọ́n ti so bèbè odò pọ̀ mọ́ ojú irin àtijọ́ tí rélùwéè pa tì, wọ́n sì ti so ojú irin náà pọ̀ mọ́ pápá ìṣeré. Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀nà ti já: láti ìdí adágún dé ibi afárá onígi. Bí wọn kò bá rí ibi gbà níbẹ̀, Ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì ti sọ pé òpópónà àwọn tírélà ni kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n kàn fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwọn oníkẹ̀kẹ́.

Ìlà ọ̀dà yìí ni kò jẹ́ kí ọkàn Àǹtí Máàpù balẹ̀. Òpópónà yẹn ni ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe búrẹ́dì, ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lórí kẹ̀kẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dígí ẹ̀gbẹ́ tírélà kan fa apá ẹ̀wù rẹ̀ ya. Ọkọ náà fi ṣàwàdà pé tírélà fẹ́ bọ òun lọ́wọ́ ni. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín.

Ó gbé rúlà lé àwòrán náà.

"Wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó," ni ó wí. "Ọkọ̀ wo ni táyà rẹ̀ fún pọ̀ báyìí? Èyí tó kéré jù lọ nínú ọkọ̀ ìlú yìí kò lè gba ibẹ̀."

"Ó lè jẹ́ ọmọlanke."

"Ta ní ń ti ọmọlanke kiri inú igbó? Kí ló ń kó? Ibo ló ń kó o lọ?"

Olójú-Àwòdì tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bébà. "Àǹtí, ẹ ti kó ọ̀rọ̀ yìí sí mi lórí. Oorun mi ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ọ̀gá yọjú láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀la ni mo máa fọwọ́ sí máàpù yẹn o. Mi ò fẹ́ ìtàn."

"Ẹ fún mi ní ọ̀sán yìí, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n lọ fojú ara mi rí i."

"Ẹ máa lọ. Tí ẹ bá pàdé iwin, ẹ má dárúkọ mi fún un."

Lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ omi, níbi tí ọgbà onírin parí sí, Àǹtí Máàpù rí ìlà méjèèjì náà nílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ti le bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá. Ẹnì kan ti gé gbogbo gbòǹgbò tó yọrí, ó gé wọn mọ́ ilẹ̀ gbẹ́ẹ́, bí ẹni ń fá irun. Láàárín ìlà méjèèjì, ipa ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo ló hàn, ẹsẹ̀ ọkùnrin, tí ìka rẹ̀ wọlẹ̀ ju gìgísẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń ti ẹrù. Ṣùgbọ́n ohun tó yà á lẹ́nu jù lọ ni pé níbi gbogbo tí igi bá ti là sílẹ̀ díẹ̀, ìlà náà yóò yà kúrò lójú ọ̀nà, yóò lọ dúró létí omi, yóò sì padà. Ẹrù wo ni ènìyàn ń tì wá wo omi?

Ó rọra ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì mọ ìgbà tó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ara rẹ̀. Ní kọ́nà kan tí ọ̀nà ti fún mọ́ àárín òkè àti adágún, ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ yọ sí i lójijì. Ìyá arúgbó kan ló jókòó sínú àga oníkẹ̀kẹ́, bàbá arúgbó kan sì ń tì í bọ̀.

"Ọ̀nà kò sí níbí o," ni bàbá náà wí kí Àǹtí Máàpù tó kí wọn tán. "Ilẹ̀ mi ni."

"Bàbá wọn, kí ni ẹ wá ń tì mí gbà?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ṣé mò ń fò ni? Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí lo wá?"

Àǹtí Máàpù kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó sọ ti àwòrán, ó sọ ti ọ̀nà tó já, ó sì sọ ti òpópónà àwọn tírélà àti ti ọkọ rẹ̀.

Bàbá náà mi orí. "Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyàwó mi kọṣẹ́, èmi ni mo la ọ̀nà yìí, mo ń gé gbòǹgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ó rí ibi tí ariwo kò sí."

"Ta ló bi mí bóyá mo kórìíra ariwo?" ni ìyá dá a lóhùn. "Látọjọ́ yìí, ojú yín nìkan ni mò ń wò. Ojú yín dáa, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sinimá." Ó yíjú sí àlejò. "Àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí, ibo ni wọ́n ń lọ gan-an?"

"Ọ̀pọ̀ wọn kò lọ síbì kankan, Màmá. Wọ́n á yí ìlú po, wọ́n á padà sílé."

"Wọ́n á làágùn títí, wọ́n á wá padà síbi tí wọ́n ti gbéra?" Ìyá rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì. "Áà! Mo gbọ́dọ̀ rí wọn."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Kọ́nà tí a wà yìí ńkọ́? Bí ẹnì kan bá fi eré yọ síbí, ta ni yóò lọ gbé ìyàwó mi nínú omi?"

Àǹtí Máàpù wo adágún, ó wo ojú ọ̀nà. Ó mọ̀ pé bí òun bá wí pé gbogbo wọn yóò máa rọra, bàbá lè gbà á gbọ́. Ó sì mọ bí ọkọ òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń wọ kọ́nà.

"Wọn á sáré, Bàbá," ni ó wí níkẹyìn. "Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan á sáré. Bí ibí yìí sì ṣe rí, kẹ̀kẹ́ àti àga Màmá kò lè gba ara wọn kọjá. Tí ẹ bá ní rárá, mi ò ní fa ìlà kankan síbí. Màá sọ fún Ọ̀gá mi pé ọ̀nà kò sí."

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kó o jẹ. Ìyá gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́; ó kàn ń wò ó ni.

Bàbá yíjú sí àlejò. "Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ wá síbí."

Ó gbé e wá. Bàbá tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà forí gbárí pẹ̀lú apá àga, táyà ẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Bàbá wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó fi gìgísẹ̀ fa ìlà sára òkè níbi tó rò pé yóò tó, ó tún sún ìlà náà wọlé sí i. Lẹ́yìn náà ó ti ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn lọ sábẹ́ igi, ó tẹ bíréèkì àga, ó wọnú igbó lọ, ó sì mú ọkọ́ jáde.

Ògúlùtu àkọ́kọ́ tó ṣí kúrò lára òkè náà yí gbirigbiri bọ́ sínú adágún. Àǹtí Máàpù fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó koríko kúrò níwájú ọkọ́.

"Ẹ fẹ̀ ẹ́ dáadáa o, Bàbá wọn!" ni ìyá ké láti abẹ́ igi. "A ò mọ èyí tó máa sanra nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ yẹn."