Ìbúra Níwájú Kọ̀ǹpútà

Mi ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa bi mí ní ohun tí ó ti mọ̀. Télọ̀ ni mí, aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán, bí oníbàárà bá sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ọjọ́ wo ni aṣọ máa yá, ẹnu mi á ti mú. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, mo ti pinnu pé ohunkóhun tí wọ́n bá bi mí, ohùn pẹ̀lẹ́ ni màá fi dáhùn, nítorí ẹ̀mí ọmọ mi ló wà níbẹ̀.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ là ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ṣùgbọ́n aṣọ ọmọ ọdún mẹ́fà ni mò ń gé fún un. Ihò wà nínú ọkàn rẹ̀. Tó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, á jókòó sórí ìkẹrin kó tó lè mí dáadáa. Dókítà wa sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀ pé apá àwọn kò ká a níhìn-ín. Ilé-ìwòsàn kan lókè òkun ló gbà láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, nọ́ọ̀sì wọn ni yóò sì wá mú un lọ ní ọjọ́ Sátidé. Ìwé kan ṣoṣo ló kù, èyí tí èmi yóò fi búra pé mo yọ̀ǹda rẹ̀. Bí ìwé náà kò bá dé ọwọ́ wọn kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mìíràn ni yóò gba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo bi dókítà bóyá a lè dúró de àyè mìíràn. Ó wo ilẹ̀, ó ní kí n lọ wá bí ìwé náà yóò ṣe jáde.

Òǹtẹ̀ lọ́yà àdúgbò wa kò tó wọn. Wọ́n ní nọ́tárì tí ìjọba rẹ̀ bá àwọn ní àdéhùn ni àwọn fẹ́, ìyẹn ẹni tí òfin fún láṣẹ láti wo ojú ẹni tó ń búra, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kó tó lu òǹtẹ̀. Òkè òkun lòun náà wà. Níwọ̀n bí mi ò ti ní ìyẹ́ tí màá fi fò lọ bá a, inú kọ̀ǹpútà ni a ó ti rí ara wa. Bó bá lu tirẹ̀ tán, a ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìjọba wọn, wọn yóò fi òǹtẹ̀ kejì kún un láti jẹ́rìí pé kì í ṣe ayédèrú.

Wọ́n ti túmọ̀ ìwé náà sí èdè wa, mo ti kà á nílé, inú mi ò sì dùn sí i. Ó ní èmi ni alágbàtọ́ ọmọ, pé àbúrò mi tó ti di olóògbé ló bí i. Òótọ́ ni. Oṣù mẹ́ta ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nígbà tí àbúrò mi kú, mi ò sì bí ọmọ kankan nílé ọkọ. Kóòtù fún mi ní ìwé, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Mo ní màá sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ kan, ọjọ́ kan náà ni mò ń sún síwájú láti ọdún mẹ́sàn-án. Àní, alágbàtọ́! Létí tèmi, kò yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n gbé ewúrẹ́ fún pé kó bá wọn sìn.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ, ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ ti gba ìdajì rẹ̀. Nọ́tárì yọ sí wa lójú kọ̀ǹpútà, obìnrin onígíláàsì kan tí kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ògbufọ̀ wà nínú àpótí kékeré tirẹ̀, ọkùnrin tó ń sọ èdè wa dáadáa. Ó sọ fún wa pé òun ti búra láti túmọ̀ gbogbo ohun tí etí òun bá gbọ́, kékeré ni tàbí ńlá.

Nọ́tárì ní kí n gbé káàdì mi sókè. Ó ní kí n yí ojú sọ́tùn-ún, kí n yí i sósì, bí ẹni tó fẹ́ fi mí ṣaya. Ó ní ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó tì mí kí òun lè máa rí i. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Àfi bí oníkọ̀ǹpútà ṣe na ọrùn láti ẹ̀yìn wa.

"Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀, iwájú orí yín nìkan là ń rí."

Ògbufọ̀ túmọ̀ ìyẹn náà. Nọ́tárì gbé ojú sókè.

"Màmá, wọ́n ní ta ni Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

"Èmi náà ni."

"Ta wá ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

"Ọmọ tó jókòó tì mí yìí."

"Wọ́n ní kí lẹ jẹ́ sí ọmọ yìí?"

"Ìyá ẹ̀ ni mí."

Títí di ibẹ̀ mi ò purọ́. Lédè tiwa, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni, ìyá ẹni náà ni. Gbogbo àdúgbò kò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n lè pè mí. Ṣùgbọ́n lédè ti nọ́tárì, ìyá kan péré lọmọ ń ní, ìwé sì ti sọ pé ìyẹn ti kú.

"Ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ bí i?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè náà pa á lẹ́rìn-ín. Mo rí ẹ̀rín yẹn, mo sì sọ pé, "Èmi ni." Ìyẹn ni irọ́.

Nọ́tárì yọ gíláàsì rẹ̀. Ògbufọ̀ ní, "Wọ́n ní ohun tẹ́ ẹ sọ yìí ta ko ohun tó wà nínú ìwé, àwọn ò lè lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ má bínú, Màmá." Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

Mo figbe ta. Oníkọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí wọn, ó ń pè wọ́n, ó ń bẹ̀ wọ́n, títí wọ́n fi ní nọ́tárì kan náà yóò fún wa láyè kan sí i ní aago mẹ́rin, pé lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti jáde lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ìgbà yẹn ni èmi àti oníkọ̀ǹpútà wá kọjú síra wa.

"Ẹnu yín ló kó bá wa," ó ní.

"Ẹnu ta? Ta ló ń pè mí ní Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ létí àwọn tó ń gbọ́ ìbúra?"

"Kí wá ni kí n máa pè yín?"

Mo ní kó bá mi wá ohun tí wọ́n ń kì bọ etí, kí ọmọ má baà gbọ́ ìbéèrè, kí èmi kàn máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ka òfin wọn fún mi: kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun létí ẹni tó ń búra, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò sì fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà pé. Mo ní ṣé ọmọ kò lè dúró síta? Ó ní ọmọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó rọra sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe é, ìyẹn tún wá bí mi nínú.

Ó wá ku kí n sọ fún un fúnra mi. Wákàtí márùn-ún ni mo ní. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Màámi."

"Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fún un lómi. Ní ìgbà kẹrin, ó ní, "Màámi, ikùn mi ti kún o." Ojo ni mí. Èmi tí mo máa ń lé ọkùnrin méjì jáde ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò lè dojú kọ ọmọ tí kò wúwo ju àpò ìrẹsì lọ. Aago mẹ́rin lù, mi ò tíì sọ nǹkan kan.

Nọ́tárì tún yọ. Oníkọ̀ǹpútà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀ lẹ́yìn wa. Káàdì, ojú ọ̀tún, ojú òsì. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè dé.

"Kí lẹ jẹ́ sí ọmọ yìí?"

"Alágbàtọ́ rẹ̀ ni mí."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?"

"Rárá."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Ògbufọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní kí ẹ sọ ọ́ tán."

"Èmi kọ́ ni mo bí ọmọ yìí. Àbúrò mi ló bí i. Àbúrò mi ti kú."

Mi ò wo ẹ̀gbẹ́ mi. Mo kàn ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń yára, bíi ti ìgbà tó bá gun àtẹ̀gùn. Ìtìjú bò mí. Mò ń fẹ́ kí nọ́tárì tètè lu òǹtẹ̀ rẹ̀ kí n lè gbé ọmọ mi mọ́ra, àmọ́ kò lù ú. Ó tún sọ̀rọ̀.

"Wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọmọ náà," ni ògbufọ̀ wí. "Ọmọ dáadáa, ta ni obìnrin tó jókòó tì ẹ́ yìí jẹ́ sí ẹ?"

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé wọn yóò bi í. Mo la ẹnu, ògbufọ̀ ní kí n dákẹ́, pé bí mo bá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀, a pa ìpàdé dé nìyẹn. Bí ó bá sọ pé "Màámi ni," bẹ́ẹ̀dì ti lọ nìyẹn. Bí ó bá sì sọ ohun mìíràn, èmi ni mo lọ. Mò ń gbàdúrà, mi ò mọ èyí tí mò ń gbàdúrà fún.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ojú nọ́tárì. Ó wo ìwé tó wà lórí tábìlì, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi ni mo kúkú kọ́ ọ níwèé kíkà. Kò kánjú.

"Alágbàtọ́ mi ni," ó ní.

Kò kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà rárá. Nọ́tárì mi orí, ó tẹ nǹkan kan, òǹtẹ̀ pupa roboto sì jáde nísàlẹ̀ orúkọ mi lójú kọ̀ǹpútà. Ó kí wa pé ó dàbọ̀, ó lọ. Oníkọ̀ǹpútà pariwo, ó fò sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín ẹ̀rọ àti ògiri, ó ń kọrin ọpẹ́. Mo bú sẹ́kún. Inú mi dùn, inú mi bàjẹ́, mi ò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò sunkún. Ó dúró kí n nu ojú mi.

"Ẹni tó bí mi yẹn," ó ní, "kí ló pa á?"

Mo lè sọ pé ibà ni. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ó ń wo ẹnu mi bí nọ́tárì ṣe ń wò ó láàárọ̀, mi ò sì ní irọ́ kankan tó kù lára mi.

"Ọkàn ni," mo ní. "Ihò wà nínú tirẹ̀ náà."

Ó ronú sí i díẹ̀. Ó yíjú wo oníkọ̀ǹpútà tó ṣì ń jó.

"Màámi, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yé jó. Kí wọ́n tètè fi ìwé yẹn ránṣẹ́."