Ajá Tó Jẹ Bàtà Òmìnira

"Tíṣà, ẹ wo bàtà mi!"

Bàbá Olúṣínà, onílé, fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bàtà ẹsẹ̀ òsì gún Eunice, tíṣà tó háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀, nímú. Ọmọ ajá náà ti jẹ iwájú rẹ̀ tán, ó wá jókòó sẹ́yìn tíṣà, ó ń ju ìrù bí ẹni tó ṣiṣẹ́ rere. Bàtà yẹn ni bàbá rà de ayẹyẹ òmìnira tí wọ́n fẹ́ ṣe ní gbàgede Paparanda.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má bínú."

"Inú ti bí mi tán! Tí ilẹ̀ bá ṣú lónìí tí ajá yìí ṣì wà nílé mi, Àlàbí ni màá fà á fún. Ẹ sì mọ ohun tí Àlàbí ń fi ajá ṣe."

Ta ni kò mọ̀? Kò sí ẹni tó ń mu ẹmu lọ́dọ̀ Àlàbí tí kò tíì jẹ nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Orí Eunice gbóná. Àṣé nítorí ọbẹ̀ Àlàbí lòun ṣe wọ odò dé orúnkún lóṣù tó kọjá, tóun fa ajá yìí yọ nínú àpò tí ìkà èèyàn kan dì í sí?

Ó gbé e, ó jáde. Rebecca, tí wọ́n jọ ń kọ́ni, ní òun ò lè gba ajá tó ń jẹ bàtà. Kátíkíìsì ní òun á fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Àdúrà! Ṣé inú àdúrà ni ajá máa sùn ni? Ìyàwó akọ̀wé kan ní àdúgbò Karaworo tiẹ̀ gbà á, ó ń tẹ itan rẹ̀ wò, ó ní, "Á ti sanra dáadáa kó tó di Kérésì." Eunice já ajá rẹ̀ gbà, kò tiẹ̀ dágbére.

Nígbà tó fi máa padà délé, oòrùn ti ń wọ̀. Ó rí Bùràímọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè, àgbẹ̀ Òwórò tó máa ń gbé iṣu àti àgbàdo wá fún un ní gbogbo Sátidé. Ó sáré ti ajá mọ́ ilé ìdáná, bó ṣe máa ń ṣe, kí itọ́ rẹ̀ má baà kan aṣọ tí mùsùlùmí fi ń kírun.

"Òkun o, Tíṣà," ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Òwórò. "Iṣu nìkan ni mo rí gbé wá. Ọ̀bọ ti jẹ àgbàdo mi tán."

Ajá gbó nínú ilé ìdáná.

"Ẹ má bínú, bàbá, mi ò ní jẹ́ kó sún mọ́ yín. Ibi tí mo máa gbé e lọ gan-an ni mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tí mi ò tíì bẹ̀ ní Lọ́kọ́ja yìí."

Bùràímọ̀ sọ iṣu kalẹ̀.

"O ò bẹ èmi. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, tí mo bá ti dé, wàá gbé e sá fún mi. Ta ló sọ fún ọ pé èmi kì í lájá? Èyí tó ń bá mi lé ọ̀bọ kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò wọ yàrá mi rí o. Abà oko ló ń gbé, ó sì ń yó. Gbé e fún mi, èyí náà á dàgbà."

Ojú ti Eunice gan-an. Ó ṣí ilé ìdáná. Ajá bẹ́ jáde, ó ń gbóòórùn ilẹ̀ kiri. Àmọ́ tíṣà kò lè purọ́ fún àgbàlagbà.

"Bàbá, ó ń jẹ bàtà o."

"Lóko?" Bùràímọ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí erùpẹ̀ ọ̀nà bò dé kókósẹ̀, tí kò sì wọ nǹkan kan. "Bàtà ta ni?"

Eunice bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti àárọ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó wọlé lọ wá okùn.